Ta Ló Jókòó fún Wa ní COGEP?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka Pọ́ọ̀tù bá ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa sọ ní Akodésséwa, Lomé, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé

  Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹ kú ìdúró. Mo ṣèlérí fún alága pé n kò ní pẹ́. Alága mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ mi kejì ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó ní wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà wá fún bẹ́ǹṣì. Inú bí mi. Mo ní ṣebí ìjọba ti ní ọ̀fẹ́ ni? Mo gun zémì, mo gba ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ, mo sì ti ń pariwo kí n tó wọ géètì. Ìyá kan ló jáde sí mi. Ẹja díndín ló ń tà, òun sì ni akápò wọn. Kò bá mi jà. Ó ṣí ìwé kan tí epo ti ta sí, ó ń fi ìka tọ́ka, ó ń fi Mínà ṣàlàyé: ọjọ́ tí a pe ìpàdé nìyí, iye bẹ́ǹṣì tó fọ́ nìyí, iye tí káfíńtà bù nìyí, orúkọ àwọn tó wá àti ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí nìyí. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wá tiyín." Mo wá a títí. Ìlà mọ́kàndínlógún ni mo kà, n kò rí orúkọ Yorùbá kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ wa pọ̀ nínú ọgbà náà bí eṣú. Mo san ẹgbẹ̀rún méjì mi, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, torí ojú tì mí láti gun zémì.

Ìtìjú yẹn ló gbé mi dúró síwájú yín lónìí.

Kí ni COGEP? Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí rò pé orúkọ báńkì ni. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni. Dírẹ́tọ̀ wà níbẹ̀, aṣojú àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, aṣojú àwọn òbí wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò náà wà níbẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ APE o. APE ni ẹgbẹ́ gbogbo òbí tó ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ la sì ti ń yan ẹni tí yóò ṣojú wa. COGEP kéré sí i, ṣùgbọ́n òun ló jókòó ti ìwé owó. Owó díẹ̀ tí ìjọba bá fi ránṣẹ́, ìwé kíkà tí wọ́n bá kó wá, òrùlé tó ń jò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ tí a ò rí mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Lábúlé ni agbára rẹ̀ ti hàn jù. Lẹ́yìn 2010, nínú ètò PERI tí owó rẹ̀ gba ọwọ́ Báńkì Àgbáyé wá, irú ìgbìmọ̀ báyìí ni wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ́ kíláàsì lé lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ló ń bá bíríkìlà ná ọ̀yà, ìyá oníṣu ló ń ka àpò sìmẹ́ǹtì.

Ẹ gbọ́ ohun tí kò lè ṣe náà, kí ẹ má baà lọ bèèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìjọba ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ìjọba ló ń gbé e kúrò. Bí olùkọ́ ò bá dáa, ìgbìmọ̀ lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìnspẹ́tọ̀, kò lè lé e. Kò lè yí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ padà. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, tí gbogbo ìlú ń dìbò yàn, tó ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, tó sì ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó rẹpẹtẹ. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí bẹ́ǹṣì ọmọ rẹ̀ fọ́, bẹ́ǹṣì ló ń wá, kò wá ọ̀gá àgbà.

Ẹ wá bi mí pé, ọ̀fẹ́ tí ìjọba ní ńkọ́? Lóòótọ́ ni. Ní 2008 ni ìjọba Tógò fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àwọn ọmọ ya wọlé bí omi. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn dírẹ́tọ̀ fi ń ra ṣọ́ọ̀kì lọ pẹ̀lú owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ohun tí ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ kì í tó, kì í sì í tètè dé. Olùkọ́ náà kò tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí olùkọ́ tí a ń pè ní volontaire, tó jẹ́ pé àpò àwọn òbí ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ta ló pinnu iye tí a ó máa san fún un? Ìpàdé ni. Ta ló wà ní ìpàdé? Ẹ ti mọ̀.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ọdún 1992 sí 1993, nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ti gbogbo Lomé pa fún oṣù púpọ̀. Láàárín àwọn ọdún yẹn, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ò dé, àwọn òbí fúnra wọn ló ń dá a sílẹ̀. Wọ́n pàgọ́, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé, wọ́n ń dáwó fún un lóṣooṣù. EDIL ni wọ́n ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di ti ìjọba báyìí. Ẹni tó bá ń sọ pé "ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba" bí ẹni pé ó jábọ́ láti ọ̀run, kí ó lọ bi àwọn tó ru igi àgọ́ yẹn.

Ó dáa. Kí ló dé tí a kì í lọ?

Èkíní, a ní àlejò ni wá. N kò fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn bàbá wa kan wà níbí tí wọ́n wà ní Ghana ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ojú títì Lomé yìí ni ọ̀pọ̀ wọn gbà kọjá, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. (Kí a má tan ara wa o: ní 1983, àwa náà lé wọn kúrò ní Nàìjíríà, ará Tógò wà nínú àwọn tó sá.) Bàbá tó rí irú èyí kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kí ó ṣòwò, kí ó san owó, kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ìmọ̀ràn yẹn gbà wọ́n là nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. COGEP kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹni tí ẹ dìbò fún. Orúkọ ọmọ yín tó wà nínú ìwé dírẹ́tọ̀ ló sọ yín di òbí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Òfin ìpìlẹ̀ 1992, tí a lò títí di 2024, sọ ní abala 35 pé dandan ni ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin títí dé ọdún 15. Kò sọ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin ará wa láti Atakpamé àti Kambolé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, tiyín tilẹ̀ burú jù: ọmọ onílẹ̀ ni yín, ẹ̀yin náà ò wá!

Èkejì ni èdè. A ní Faransé ni wọ́n ń sọ. Ìyálọ́jà, ẹ dákun, èdè wo lẹ fi ń ná ọjà? Èdè wo lẹ fi ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù jà? Mínà ni ìyá ẹlẹ́ja yẹn fi gbá mi mú.

Ẹ̀kẹta ló ní òótọ́ nínú jù, torí pé iṣẹ́ wa ni. Wọ́n ń pe ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Pọ́ọ̀tù yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1968, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ojú omi dé, kọ̀ǹtẹ́nà ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí kò bá sí nídìí ẹrù rẹ̀ yóò san owó ìdádúró. Ẹni tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì, aago mẹ́sàn-án ni ọjà rẹ̀ ń yá. N kò ní sọ pé kí ẹ fi oúnjẹ ọmọ sílẹ̀ lọ ìpàdé nítorí ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí dírẹ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà á lọ́wọ́ wa kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Àwọn apẹja Katanga náà yóò bá wa fọwọ́ sí i, torí òwúrọ̀ ni àwọn náà ń já ẹja.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ìkíní ni ìwé ìbí, tí gbogbo wa ń pè ní naissance. Ọmọ á ka ìwé dé kíláàsì kẹfà, wọ́n á fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò CEPD, wọ́n á ní kí ó mú naissance wá, kò ní sí. Èmi mọ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, ipò kìíní ló ń gbà láti kékeré, tó jókòó sílé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò. Ó ń ta omi ọ̀rá lẹ́nu géètì pọ́ọ̀tù báyìí, ó ṣì ń bá àwọn oníbàárà ka ìwé ẹrù wọn. Ìyá rẹ̀ bí i sílé, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ sí mairie. Ẹni tí ọjọ́ bá ti kọjá mọ́ lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ ni yóò gbà lọ, ìwé tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif, ó sì ń gba àkókò. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á sọ ọmọ yín di ọmọ ibòmíràn: ìwé ìbí ń sọ ibi tí a bí ọmọ sí àti ẹni tó bí i, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀ ni. Bí a bá ní ẹnì kan ní COGEP, ó lè ní kí dírẹ́tọ̀ ka orúkọ àwọn tí kò ní ìwé láti kíláàsì kìíní, kì í ṣe kẹfà. Ọdún márùn-ún ni a ó fi wá ìwé nígbà náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Èkejì ni títì. Ẹ mọ bí ọ̀nà Aného ṣe ń rí ní aago méje òwúrọ̀, tí tirélà tó ń jáde ní pọ́ọ̀tù tò bí ọkọ̀ ojú irin, tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi ọwọ́ kan di àpò mú, tó ń fi ọwọ́ kejì fa àbúrò. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin náà ń rí wọn. Ta ni ká bá sọ ọ́? Mairie ni. Láti ìgbà ìdìbò 30 oṣù kẹfà 2019, a ti ní ìgbìmọ̀ komúùnù tí a dìbò yàn, èyí tí Tógò kò ní láti 1987. Ẹ̀yin tó wà ní ìhà Bè-Est, Golfe 1 ni yín. Ẹ̀yin ìhà Baguida, Golfe 6. Òfin pín iṣẹ́ kíkọ́ àti títún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe mọ́ iṣẹ́ komúùnù. Bí bàbá kan bá dá lọ síbẹ̀ lọ sọ pé kí wọ́n ṣe gegele sójú títì, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Bí lẹ́tà COGEP bá dé, tí dírẹ́tọ̀, àwọn òbí àti olórí àdúgbò fọwọ́ sí i, wọ́n ní láti tẹ sítáńpù sí i pé àwọn gbà á. Sítáńpù yẹn ni a ó máa mú dání padà.

Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, mo sì fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Nílé, lẹ́yìn òfin UBE ti 2004, wọ́n ṣètò ìgbìmọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní SBMC. Aṣojú ọba ní àga níbẹ̀, àwọn obìnrin ní àga, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá ní àga. Níbí, olórí àdúgbò Ewé ni yóò kọ́kọ́ jókòó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ wọn ni. A kò bèèrè àga rẹ̀. Ohun tí a ń tọrọ ni kí ẹ rán ìjòyè méjì lọ kí i, pẹ̀lú obì àti ọtí, kí ẹ sọ fún un pé àwọn òbí Yorùbá ń bọ̀ ní ìpàdé ọdún yìí, kí ó má baà rí wa lọ́jọ́ náà kó rò pé ìjà la bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ rán an kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má kàn sọ pé ẹ ó rán ìyàwó o. Ẹ rán an, kí ẹ sì jẹ́ kó gba ipò. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ni akápò tó dáa jù tí mo rí láyé mi.

Mo ti fa ìlà sínú ìwé yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àyè èèyàn méjì méjì. Ẹgbẹ́ yóò san owó zémì wọn ní ọjọ́ ìpàdé, alága ti gbà. Ẹni tí a bá yàn yóò padà wá jíṣẹ́ fún wa níbí, kó mú rìsíìtì wá bí owó bá wà nínú ọ̀rọ̀. Mo ti kọ orúkọ tèmi sí ìlà kìíní. Ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ ìyálọ́jà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.