Ẹ ka ìlà kí ẹ tó sanwó: ọ̀rọ̀ lórí irin ọrùn kẹ̀kẹ́

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe gbogbo ara kẹ̀kẹ́. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó bá ń to kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń ra irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó ṣe ń wọlé, máa dé ibi tó máa ra irin ọrùn. Ó máa fẹ́ èyí tó dára lójú, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí kò burú. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi ní ara kẹ̀kẹ́ Peugeot àtijọ́ kan. Fọ́ọ̀kì rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin ọrùn rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹ. Abúlé tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé jìnnà sí Parakou tó kìlómítà 14. Mo nílò kẹ̀kẹ́ gan-an. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta irin kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rí irin ọrùn kan tó ń dán bíi dígí. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí á bá Peugeot mu?" Ó ní, "Ọrùn ni ọrùn ń jẹ́. Á wọ̀ ọ́." Mo san 2500 sẹ́fà. Inú mi dùn dé ilé.

Nígbà tí mo fẹ́ dè é, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ ń mì díẹ̀. Nígbà tí mo yí i tó ìgbà mẹ́rin, ó le. Ẹni tó gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Èmi kò dúró. Mo mú sípánà gígùn, mo fi agbára tì í. Ó yí. Mo ní mo ti ṣe é nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀nà abúlé, níbi tí yẹ̀pẹ̀ pupa ti pọ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ọrùn tú, fọ́ọ̀kì yẹ̀, mo sì ṣubú. Orúnkún mi bó. Ìwé àti ṣọ́ọ̀kì fọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn kan ti lọ sílé. Ìyá kan tó ń ta òrí ṣì jókòó pẹ̀lú àtùpà rẹ̀. Mo fi irin tó tú hàn wọ́n. Mo ṣàlàyé pé fọ́ọ̀kì mi jẹ́ ti Faransé, irin tí mo rà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìlà wọn kò dọ́gba.

Ìyá yẹn wò mí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká máa ka nọ́ńbà ara òṣùwọ̀n kí á tó ta òrí? Ẹ̀yin fúnra yín kò wá ka ti irin yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo wá sọ fún yín lónìí. Ojú ló ń rí ẹwà. Ṣùgbọ́n kíkà ló ń sọ bóyá irin bá irin mu.

KÍ NI IRIN ỌRÙN?

Ẹ dúró níwájú kẹ̀kẹ́ kan. Ẹ ó rí ọ̀pá kúkúrú oníhò ní iwájú ara rẹ̀. Òun ni ọrùn. Ọ̀pá fọ́ọ̀kì gba inú rẹ̀ kọjá sókè. Kí ọ̀pá yìí lè máa yí láìmì, a fi irin sí òkè ọrùn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Parakou, tí ẹ ní ẹ fẹ́ jeu de direction, ohun tí wọ́n máa kó fún yín nìyí:

- ife irin méjì, ọ̀kan fún òkè ọrùn, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀;
- bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú ife;
- òrùka kan tó ń jókòó sórí fọ́ọ̀kì nísàlẹ̀;
- ìdérí kan tí a ń lọ́ mọ́ orí ọ̀pá fọ́ọ̀kì lókè;
- òrùka pẹlẹbẹ kan, àti nọ́ọ̀tì tó ń dè gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Orí ọ̀pá fọ́ọ̀kì ní ìlà wẹ́wẹ́ tó yí i po. Inú ìdérí àti inú nọ́ọ̀tì náà ní ìlà. Àwọn ìlà yìí ló ń di ara wọn mú. Tí wọn kò bá dọ́gba, wọn kò lè di ara wọn mú.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN KÒ FI DỌ́GBA?

Láti 1882 ni Peugeot ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1887 ni Raleigh ti wà ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé fi mìlímítà wọn tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì fi íǹṣì wọn tiwọn. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25,4.

Abẹ́ Faransé ni ilẹ̀ wa wà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ Faransé gba Kútọnu wọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò jìnnà sí Parakou. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Nikki, ẹ ó dé ibodè. Ọjà Nàìjíríà ń wọlé wá, òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá a wá. Ọ̀pọ̀ irin kẹ̀kẹ́ láti Ṣáínà àti Íńdíà náà ń tẹ̀ lé ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí òṣùwọ̀n méjì ṣe pàdé lórí ẹní kan náà nìyẹn.

Orúkọ ara kẹ̀kẹ́ nìkan kò tó. Lẹ́yìn àwọn ọdún 1980, àwọn Faransé náà sábà ń lo òṣùwọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á fúnra yín.

BÁWO LA ṢE Ń KÀ Á?

Ẹ fi kẹrosínì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ orí ọ̀pá fọ́ọ̀kì. Ẹ gbé rúlà tì í lóròó. Ẹ fi odo rúlà sí orí ìlà kan. Ẹ mú abẹ́rẹ́, kí ẹ máa fi tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ má kánjú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà á rí ìfun rẹ̀.

Tí ẹ bá rí àlàfo 20 nínú sẹ̀ǹtímítà 2, ó lè jẹ́ ti Faransé àtijọ́. Ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 25.

Tí ẹ bá rí bíi 19, ti Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ ni. Ìlà 24 ló wà nínú íǹṣì kan. Ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 25,4.

Ẹ ṣọ́ra fún Raleigh àtijọ́. Ìlà 26 ló wà nínú íǹṣì kan tirẹ̀. Nínú sẹ̀ǹtímítà 2, ó lé díẹ̀ ní 20, ó sì lè jọ ti Faransé lójú. Níbí, ẹ ní kí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe fi pied à coulisse wọn ìnípọn ọ̀pá fún yín. 25 tàbí 25,4 ló máa parí ẹjọ́ náà.

Tí ọ̀pá kò bá ní ìlà rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń ti Yúróòpù wá rí bẹ́ẹ̀, láti àwọn ọdún 1990 wá. Èyí tó wọ́pọ̀ nípọn ní mìlímítà 28,6. Irin ọrùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má ra onílà fún un.

Ẹ wọn ife náà. Àwọn kan jẹ́ mìlímítà 30,2, àwọn mìíràn 30,0. Òrùka ìsàlẹ̀ lè jẹ́ 26,4 tàbí 27,0. Ife tó bá tóbi jù kò ní wọlé. Ife tó bá kéré jù máa mì, iṣẹ́ ò sì lọ. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ kó irin àtijọ́ yín lọ sọ́jà, kí ẹ gbé e ti tuntun.

Níkẹyìn, ẹ fi ìka yí ìdérí sórí ọ̀pá. Ẹ má mú sípánà. Tó bá dọ́gba, ìka nìkan á yí i dé ìsàlẹ̀, kò ní mì, kò ní le. Tó bá ń mì, tó sì wá le, ẹ dá a padà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, orúnkún mi sì mọ̀ ọ́n.

ẸWÀ ŃKỌ́?

Ẹwà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo inú kí ẹ tó wo òde. Ẹ fi ìka pa inú ife, níbi tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Ó gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Tí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ bí àmì ṣọ̀pọ̀nná, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó máa dán lóde. Ẹ wo etí rẹ̀ náà. Tí dídán rẹ̀ bá ti ń ṣí bí èèpo, ìpẹtà kò ní pẹ́ dé.

Irin àtijọ́ tí inú rẹ̀ ṣì dára lè di ẹlẹ́wà. Ẹ mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, ẹ rì í bọ omi, ẹ fi ra á. Ìpẹtà òkè á lọ, irin á tàn. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Tí ife bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí owó kò sí, ọgbọ́n kan wà. Ẹ yọ bọ́ọ̀lù inú àgò rẹ̀ kúrò, kí ẹ to bọ́ọ̀lù tuntun tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ sínú ife láìsí àgò, pẹ̀lú gírísì. Ẹ fi àyè bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù á pọ̀ sí i, kò sì ní máa bọ́ sójú ihò kan náà. Ó lè gbé yín fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ó

Irin tó dán: 2500 sẹ́fà. Fọ́ọ̀kì mi bàjẹ́, mo ra òmíràn: 6000. Irin tó dán náà bàjẹ́, mo ra òmíràn: 2500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11 000 sẹ́fà. Ẹnìkan tó ń tú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní irin ọrùn Faransé tó bá tèmi mu, 1500 ló ń tà á. Ẹ yọ 1500 kúrò nínú 11 000. 9500 ni mo fi ra ẹ̀kọ́.

Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ mi kò dán tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó gùn ún lárààárọ̀, mo ń di bíréèkì iwájú mú, mo ń tì í síwájú, mo ń fà á sẹ́yìn, ìka mi wà lára ọrùn. Tí nǹkan bá ń kan gbọ́ńgbọ́ń, ó ti tú nìyẹn, mo ń dè é. Mo ń gbé iwájú rẹ̀ sókè náà. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́. Lálaalẹ́ tí mo bá dé abúlé, ìyá olóòórí yẹn a máa bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ kà á?" Mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀n, ìyá, mo kà á."

Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Ti irin náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti mọ nọ́ńbà báyìí. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ mú un lọ sọ́jà.