Bí A Ṣe Tún Padà Sọ́dọ̀ Dókítà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa)

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní kí àwa méjì láti ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ wá sọ ohun tí ojú wa rí. Àwa kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Ohun tí wọ́n sọ fún wa àti ohun tí wọ́n ṣe fún wa la fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa a ti dé ìsọ̀, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú la tó ń palẹ̀ mọ́. Bí orí bá fọ́ wa, a ó rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì. Bí àpò èlùbọ́ bá dá ẹ̀yìn wa, a ó ra oògùn ara ríro, pupa kan, funfun kan, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, a ó gbé e mì, a ó máa tajà lọ. Òòyì máa ń kọ́ ọ̀kan nínú wa bó bá dìde lójijì, ó ní oòrùn ni. Ẹnìkejì ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ó ní omi tí òun mu ni.

Àfi ọjọ́ tí ará ìsọ̀ wa kan ń ka owó fún oníbàárà, tí owó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ká tó wí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́. Àwọn kan ní ká bu omi sí i lórí, àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. A gbé e sínú mọ́tò, ó dọsibítù. Rọpárọsẹ̀ ni. Ìfúnpá rẹ̀ ti ga, ìgbà wo ló ti ga, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò tíì ka owó mọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn, àwa méjèèjì ò sùn.

Kì í kúkú ṣe pé a ò ní dókítà. Bàbá yìí ló gbẹ̀bí ìbejì fún ọ̀kan nínú wa ní 2002, òun ló tọ́jú ìyá ọkọ ẹnìkejì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kí ló wá dé tí a ò lọ? Bí ẹ bá bi wá tẹ́lẹ̀, a ó ní owó ni. Irọ́ ni jàre. Aṣọ ẹbí mélòó la rà lọ́dún kan? Ojú ló ń tì wá. Ọdún 2014 la lọ kẹ́yìn, ọdún tí Ebola wọ Èkó. Ẹ̀yin náà rántí bí ẹ̀rù ọsibítù ṣe ba gbogbo èèyàn, tí wọ́n ń fóònù wa láàárín òru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Àwọn tó mu ún jù dèrò ọsibítù. Àwa jókòó sílé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwa ò padà. Ọdún kan kọjá, ó di méjì. Bó ṣe ń pẹ́ sí i lojú ń tì wá sí i. Kí la fẹ́ sọ fún un? Ó máa bú wa ni. Ó dé ibi pé bí mọ́tò wa bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn rẹ̀, a ó yíjú sápá kejì.

A fa ara wa lọ́wọ́ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Bàbá ti hewú, ó ń fọ̀pá rìn. Ó wò wá, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ọjọ́ mẹ́ta! Àwọn ìbejì ńkọ́?" A ní wọ́n ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló kọ́kọ́ na èyí Káyìndé nídìí tó fi sunkún. Gbogbo àlàyé tí a ti kó dání látilé, kò bi wá níkankan.

Nọ́ọ̀sì wá káàdì wa jáde, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Dókítà kà á fún wa. Ní 2014, ìfúnpá ọ̀kan nínú wa jẹ́ 138 lórí 88, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ ò rí nǹkan. Káàdì ò gbàgbé, àwa la gbàgbé.

Kò wọn ìfúnpá wa lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká lọ tọ̀, ká jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ká fẹ̀yìn ti àga, ká gbé apá lé tábìlì, ká má sọ̀rọ̀. (Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe nira fún wa tó.) Ó bi wá bóyá a jẹ obì kí a tó wá, torí obì náà ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n. Ti ọ̀kan jẹ́ 178 lórí 106, ti ẹnìkejì 152 lórí 94. A ò ní sọ ta ló ni èwo, ẹ má wulẹ̀ máa wojú wa. Dókítà ní bó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ dunni. Ẹni tó ń tọ̀ lóru, wọ́n ní kó padà wá láìjẹun láàárọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀: 168. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, 161. Bó bá ti tó 126 lẹ́ẹ̀mejì láìjẹun, àtọ̀gbẹ ni.

Ó ní ká tú báàgì wa sórí tábìlì. Oògùn inú ọ̀rá yẹn, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ń gbé ìfúnpá ga, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ohun tí a fi ń wá ìrọ̀rùn! Ó bi wá léèrè agbo. A ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ó ní ká gbé igo rẹ̀ wá kóun rí i, ká má fi pamọ́ fóun. Iyọ̀ ńkọ́? Ó ní gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, ẹ̀kún kan, pẹ̀lú ti inú màgí àti ti inú búrẹ́dì.

Ní ti oògùn, ojoojúmọ́ ni. Kò rí bíi ti ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta kó tán. Bí ara bá fúyẹ́, a ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wa, torí oògùn náà ló mú un fúyẹ́. Oògùn tó kọ fún wa kò wọ́n bí a ṣe bẹ̀rù. A ti sọ fún alájọ wa pé kó máa yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kó tó di pé a fọwọ́ kan owó.

Ti 178 yẹn ti di 144 báyìí. Òòyì ò kọ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ a tún ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, tàbí tó ní dókítà tirẹ̀ tójú ń tì í láti padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó wá bá wa níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ láago méje àárọ̀. A ó sìn ín débẹ̀. Ẹ má jẹun wá, ẹ má jẹ obì, ẹ sì kó gbogbo oògùn inú ọ̀rá yín dání.