Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Di Tábúlẹ́ẹ̀tì: Ojú Wo Ni Ká Yàn?

Àbúrò kan tó ń gbọ́ wa fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tó ṣeé yí padà di tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ní iṣẹ́ ìwé ló pọ̀ jù lọ́wọ́ òun. IPS ni àbí OLED? Full HD ni àbí 4K?

Mo ti kó sí wàhálà yìí rí. Torí pé fídíò ni iṣẹ́ mi, 4K ni mo rà. Lọ́jọ́ tí mo ń gé fídíò ìgbéyàwó kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò lépo, bátìrì sì kú kí n tó parí. Ìlọ́po mẹ́rin píksẹ́lì Full HD ló wà nínú 4K, ó sì ń jẹ iná gan-an. Lójú kọ̀ǹpútà ínǹṣì 13, ta ló tiẹ̀ ń rí ìyàtọ̀ náà? Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i.

OLED rẹwà, mi ò ní purọ́. Píksẹ́lì tó bá yẹ kó dúdú, ṣe ló ń kú pátápátá. Ṣùgbọ́n ojú ìwé funfun láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń jẹ́ kó fa iná, ohun tí kì í kúrò lójú kan sì lè fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dán bíi dígí. Nítorí náà, béèrè iye nits rẹ̀. 300 kì í tó níta. Gbé e síta ṣọ́ọ̀bù, sínú oòrùn, kó o tó sanwó.

Àbúrò, ra IPS Full HD, kó o fi owó tó ṣẹ́ kù wá RAM tó pọ̀. Wọ́n sábà máa ń jó RAM irú wọn mọ́ bọ́ọ̀dù ni, kò ṣeé fi kún lẹ́yìn.