Ọ̀nà tí Olúkẹ́mi Adégòkè Gbà Wọlé

Nígbà àtijọ́, ilẹ̀kùn kan wà ní ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní apá kan, ọba jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn aláàárù ń gbé òyìnbó aṣojú ìjọba kan, Ambrose, bọ̀ wá kí ọba. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní London. Kò padà wálé mọ́. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ni àlejò nígbà náà. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọmọ Yorùbá kan di olórí ẹgbẹ́ Kọ́nsáfétífù, ẹgbẹ́ Churchill àti Thatcher. Olúkẹ́mi Adégòkè ni, tí a mọ̀ sí Kemi Badenoch.

Wimbledon, ní London, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kejì oṣù Kínní ọdún 1980. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìyá rẹ̀. Èkó ni ó gbé dàgbà. Òfin ìgbà náà ni pé ọmọ tí a bá bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọmọ ibẹ̀. Ìjọba Kọ́nsáfétífù ti Margaret Thatcher ni ó ṣe òfin ọdún 1981 tí ó fi òpin sí èyí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1983. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n bí i, ibi tí a bí i sí nìkan kì bá tí sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó padà sí London, lásìkò tí ìjọba ológun ti mú kí nǹkan le koko ní Nàìjíríà. Ó ṣiṣẹ́ ní McDonald's bí ó ti ń kàwé. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Sussex, ó sì tún gba oyè nínú òfin.

Ó wọ ẹgbẹ́ ní 2005. Ní 2010, ó du ipò aṣòfin ní Dulwich and West Norwood, ipò kẹta ni ó gbà. Kò torí ìyẹn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú London ní 2015; ó di aṣòfin fún Saffron Walden ní 2017. Ní 2022, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nígbà tí ìjọba Boris Johnson ń wó lọ. Ó du ipò olórí ẹgbẹ́, ó ṣe ìkẹrin. Liz Truss fi í ṣe mínísítà fún ìṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ẹgbẹ́ fìdí rẹmi ní 2024, tí ó ku aṣòfin 121 péré, ó tún jáde. Ìbò 53,806 ni ó fi borí Robert Jenrick tí ó ní 41,388.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ yìí gan-an ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù àti ìwà ìbàjẹ́ tí ó bá ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima fèsì pé ó lè yọ Kemi kúrò nínú orúkọ rẹ̀ bí ó bá wù ú. Òun náà ní Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju ọmọ Nàìjíríà lọ.

Ó yẹ kí a wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó ní iná kì í tàn, tí ó ní ọlọ́pàá ń gba ohun ìní aráàlú, kò parọ́ mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé obìnrin ni òun, nítorí náà òun kò lè fún àwọn ọmọ òun ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 25 ìwé òfin ọdún 1999 fún ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ní ẹ̀tọ́ yìí, ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ìyá rẹ̀ ni ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lábàá pé kí àlejò lo ọdún mẹ́wàá, dípò márùn-ún, kí ó tó lè tọrọ ìwé ìgbélùú títí láé. Nọ́ọ̀sì láti Emùré tí ó ń tọ́jú aláìsàn ní Leeds yóò mọ ohun tí ọdún márùn-ún àfikún jẹ́. Onílé ní ẹ̀tọ́ láti ka àlejò rẹ̀, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì dìbò fún obìnrin náà, kì í ṣe ará Èkìtì. Síbẹ̀, òfin tí ó ṣí sílẹ̀ fún un kò béèrè ọdún kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó rántí èyí nígbà tí ó bá ń ṣe òfin fún ẹlòmíràn.

Àwọn ará ilé náà ní iṣẹ́ tiwọn. Èébú kò lè mú ọmọ padà wálé. Bí iná bá tàn, tí ilé ẹ̀kọ́ sì dúró dáadáa, ọmọ tí ó lọ yóò fi ìdùnnú jẹ́ orúkọ ilé, ẹni tí ó kù nílé kò sì ní máa wá ilẹ̀kùn ẹlòmíràn kàn.