Ohun Tó Ń Bọ́ Ẹja Nínú Òkun àti Nínú Adágún Wa



Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní oríta Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti pínyà, bi mí léèrè pé, "Ọ̀gá àgbẹ̀, kí ló dé tí ṣáwá fi máa ń pọ̀ nígbà kan, tí ó tún máa ń wọ́n gógó nígbà mìíràn? Ṣé òkun náà ní ìgbà ìkórè ni?" Mo ní, "Ó ní i, màmá."

Ewéko wínníwínní àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń léfòó nínú omi ni ṣáwá ń jẹ. Ojú lásán kò lè rí ewéko yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, omi a di aláwọ̀ ewé. Ohun tí àgbàdo yín ń fẹ́ ni òun náà ń fẹ́: oòrùn àti ajílẹ̀, pàápàá náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú NPK. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkè omi ni oòrùn ń dé, ìsàlẹ̀ sì ni ajílẹ̀ ń lọ. Ohun tó bá kú nínú òkun a máa rì, a sì jẹrà nínú òkùnkùn nísàlẹ̀. Omi òkè gbóná, ó fúyẹ́. Ti ìsàlẹ̀ tutù, ó wúwo. Bí epo ṣe ń lé lórí omi nínú ìkòkò ni ti òkè ṣe ń lé lórí ti ìsàlẹ̀, wọn kì í tètè dàpọ̀. Nínú igbó, gbòǹgbò igi ńlá a máa fa oúnjẹ wá láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ewé tó bá wọ́ a sì dá a padà sórí ilẹ̀. Òkun kò ní gbòǹgbò. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ló ń bá a ṣe é.

Ní etí òkun Ivory Coast àti Gánà, títí dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù ìsàlẹ̀ a máa ru sókè. Ojú òkun tó máa ń gbóná tó ìwọ̀n 28 a wá sílẹ̀ kọjá 25. Díẹ̀ tún máa ń ru nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ abẹ́ òkun nítòsí etí kò jìn, ó tẹ́ bí pèpéle kí ó tó já sí ọ̀gbun, nítorí náà ajílẹ̀ tó bá gòkè níbẹ̀ kò jìnnà sí oòrùn. Ewéko á bí sí i, kòkòrò á jẹ ẹ́, ṣáwá á dé, àwọn apẹja á sì tẹ̀lé e. Ìyẹn kò ní kí ẹja má tán o: ní 1972 wọ́n kó irú ṣáwá kan lọ́pọ̀ yanturu ní Gánà, nígbà tó di 1973 ó di àwátì.

Ní etí òkun tiwa, omi kì í ru tó bẹ́ẹ̀. Odò ló ń gbé púpọ̀ nínú ajílẹ̀ wá. Ọ̀ṣun wa ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí ajílẹ̀. Nígbà tí omi Ọ̀ṣun pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì ní nǹkan bí ọdún 2021, nítorí àwọn tó ń wa góòlù, oòrùn kò lè wọ irú omi bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá kan àwa tí a wà lórí òkè níhìn-ín? Adágún ẹja yín ni. Mo ṣe àṣìṣe kan rí. Mo sọ fún àgbẹ̀ kan pé kí ó da ìgbẹ́ adìẹ sínú adágún epìà rẹ̀, n kò sọ ìwọ̀n fún un. Àpò mẹ́fà ló dà sí i. Omi ṣú bí ọbẹ̀ ewédú, inú wa dùn. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn epìà ń yọ ẹnu sókè wá èémí. Kí oòrùn tó ràn dáadáa, púpọ̀ ti yí ikùn funfun sókè. Ọwọ́ mi ni ẹ̀bi náà wà.

Ewéko inú omi ń mú èémí jáde lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń mí, ìgbẹ́ tó ń jẹrà sì ń gba èémí pẹ̀lú. Òjò tútù wá da omi ìsàlẹ̀ tí kò ní èémí pọ̀ mọ́ ti òkè. Ìdàpọ̀ tó ń bọ́ ṣáwá lókun ni ó pa epìà nínú adágún kékeré.

Nítorí náà, ẹ di ìgbẹ́ adìẹ sínú àpò, ẹ so ó mọ́ òpó ní igun adágún, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́. Ẹ ki apá bọ omi dé ìgúnpá. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti pòórá nínú àwọ̀ ewé kí omi tó kan ìgúnpá, ẹ yọ àpò náà kúrò. Bí ẹ bá ṣì ń rí i kedere, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ló bò ó, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ìgbẹ́ kò lè tún un ṣe. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu láàárọ̀, ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ ṣí omi tuntun wọlé kíákíá. Ẹ má sì wo ti àrọ̀ o, nítorí àrọ̀ lè gba èémí lókè omi. Epìà ni kí ẹ máa wò.