Ẹ Yà Sílé Wọn

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà! Kò sẹ́ni tó gbàgbé 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018 láàárín wa, Ọjọ́bọ̀ tí àwọn adigunjalè ya wọ àgọ́ ọlọ́pàá àti báńkì. Èèyàn tó lé ní 30 ló bá a lọ. Gbogbo ìlú ló sunkún.

Àmọ́ òkú ọ̀fọ̀ kan wà tí a kì í sunkún rẹ̀ síta: ọmọ tí àṣìlò oògùn bíi tramadol tàbí kódéìnì pa. Wọ́n á ní ibà ni. Ìyá tó ti ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ ìdí ìró sùn, tó ń fetí sí ìlẹ̀kùn lóru, òun náà làwọn èèyàn ń sọ pé kò tọ́mọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de síse oògùn ikọ́ oníkódéìnì àti kíkó o wọlé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òfin kì í wo ẹni tó ti di bárakú fún sàn. Àìsàn ni bárakú oògùn, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ṣíwọ́ oògùn lílò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ lè má gbà á mọ́. Ìgbà tílé ń dúpẹ́ pé ọmọ ti yí padà nikú máa ń dé.

Ẹ yà sílé àwọn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kú fún lónìí. Ẹ má bèèrè ohun tó pa á. Ẹ dárúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì bèèrè àbúrò rẹ̀.