Odò Ògùn Lórí Máàpù Àtijọ́
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ìbarà, Abẹ́òkúta

 

Máàpù tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ kò ní Abẹ́òkúta nínú. Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbéra ní Bàdágírì ní oṣù Kejìlá 1825, ó la ilẹ̀ Yewa kọjá, ó sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Sókótó ló kú sí. Ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tí máàpù náà wà nínú rẹ̀, jáde ní 1829. Ẹni tó bá ń wá Abẹ́òkúta níbẹ̀ yóò wá a tì, torí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ àtàwọn Ẹ̀gbá tó ń ṣáájú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abẹ́ àpáta Olúmọ.

Máàpù a sì máa purọ́. Ní 1798, ayamáàpù kan tó ń jẹ́ Rennell ya òkè ńlá kan tó gùn gbọọrọ la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó pè é ní Òkè Kong. Àwọn tó tẹ̀lé e ń dà á kọ láìbèèrè, títí Binger ará Faransé fi fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láàárín 1887 sí 1889, tí kò rí òkè kankan. Ẹni tí kò dé ibì kan, tó sì ya àwòrán ibẹ̀, kí la fẹ́ pe tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Àwọn sọ́féyọ̀ ìjọba àpapọ̀ pín Nàìjíríà sí ojú-ìwé ojú-ìwé. 260 ni ti Abẹ́òkúta. Nínú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000, sẹ̀ntímítà kan dúró fún ìdajì kìlómítà lórí ilẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yí kiri níbẹ̀ tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn: níbi tí wọ́n bá fún mọ́ra, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ga sókè lójijì, bíi ti àpáta. Ojú ẹni á rí ìdí táwọn tí ogun lé kúrò nílé fi yan Abẹ́òkúta. Àpáta ń bò wọ́n láṣìírí, Odò Ògùn sì wà ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ogun Dàhòmì ń gbà wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí máàpù ti ń tan ènìyàn jẹ gan-an nìyí. Àwọ̀ búlúù kan náà ni wọ́n fi ya odò náà láti orísun rẹ̀ lẹ́bàá Ṣakí títí dé ọ̀sà Èkó, bí ẹni pé bákan náà ló ń rí jálẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn òjò ọdún 1861, ọkọ̀ ojú omi ni arìnrìn-àjò Richard Burton fi gun odò yìí wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi gbẹ, àwọn ọmọ ogun Ghezo, ọba Dàhòmì, fẹsẹ̀ la odò kan náà kọjá, wọ́n kọlu ẹnubodè Arò. Ìtàn ní àwọn ará Ìṣàgà ló fọgbọ́n darí wọn síbẹ̀, níbi tí odi ti lágbára jù. Ìgbà ọdún la fi ń ka odò, kì í ṣe àwọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àwọn ojú-ìwé máàpù wọ̀nyí ni àwọn orúkọ tó ní Orílé nínú: Orílé-Ìlúgùn, Orílé-Ìmọ, Ìbarà-Orílé yín gan-an. Àwọn sọ́féyọ̀ ò mọ̀ pé ìtàn làwọn ń kọ. Ohun tí aráàlú pè ni wọ́n kọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá to àwọn orúkọ náà jọ yóò rí ibi tí èèyàn gbé kí ogun tó kó wọn jọ sábẹ́ Olúmọ. Lójú tèmi, wọ́n níye lórí ju àwọn ìlà gíga lọ.

Ní ti Odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló jẹ́ lórí máàpù tí wọ́n yà ṣáájú 1983. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, omi sì tẹ́ lọ bí ogójì kìlómítà níbùú lóròó. Oko àti abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ di orúkọ inú ìwé. Àwọn ará ibẹ̀ di ará etí omi, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sì ń yọ àwọn ọmọ wọn lẹ́nu láti ìgbà náà.

Ojú-ìwé 260 wà lórí tábìlì yìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi táwọn bàbá yín ń gbà fẹsẹ̀ la Odò Ògùn kọjá kí afárá Láfẹ́ńwá tó dé.